Bàtà Ẹlẹ́ṣin fún Ẹni Tó Ń Gun Irin

Rumuolumeni, Port Harcourt
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹrin, 1970

Bàbá mi,

Láti ìlú tí òjò ti ń rọ̀ láti ìjẹta ni mo ti dọ̀bálẹ̀ kí yín. Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kí Ìyá, mo kí Asiata àbúrò mi tó máa ka ìwé yìí fún yín, mo sì kí gbogbo àwọn oníṣẹ́ awọ tí ẹ jọ wà ní ìsọ̀.

Wọ́n ti gbà mí sí ilé ẹ̀kọ́ náà. Àwa méjìlá la wà ní ọdún kìíní. Wọ́n ń kọ́ wa bí a ṣe ń ṣọ́ páìpù epo tó gba inú igbó kọjá. Ọkọ̀ kò lè dé ibẹ̀, alùpùpù la fi ń tọ ipa páìpù náà.

Bàbá, alùpùpù yìí ń dẹ́rù bà mí. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni níbí. Ọ̀nà tó ti ẹ̀yìn abúlé Rumuodara wọgbó kún fún ẹrọ̀fọ̀ àti gbòǹgbò igi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú wa ṣubú, máṣíìnì wó lé e lẹ́sẹ̀, dókítà ní egungun rẹ̀ ti sán. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa, Ọ̀gbẹ́ni Akínfẹ́nwá, ará Oǹdó, wá pàṣẹ pé ẹni tí kò bá ní bàtà tó lè gba ẹsẹ̀ là kò gbọdọ̀ gun máṣíìnì mọ́. Ẹni tí kò bá sì gùn ún yege nínú ìdánwò oṣù keje, kó di ẹrù rẹ̀, kó máa lọ sílé.

Oríṣi bàtà mẹ́ta ni mo ti rí. Ọ̀kan jẹ́ rọ́bà tí wọ́n fi ń rin inú omi, ó ga, ṣùgbọ́n ó rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Ìkejì wà nínú ṣọ́ọ̀bù òyìnbó kan, ó dára, àmọ́ kò sí èyí tó bá ẹsẹ̀ mi mu. Ìkẹta ni búùtù ṣọ́jà tí wọ́n kó jọ bí iṣu lọ́jà láti ìgbà tí ogun ti parí. Mo wọ ọ̀kan wò. Ó bá mi mu wẹ́kú. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ẹni tó ni ín, mo sì yára bọ́ ọ.

Mi ò mọ èyí tí mo lè mú. Bóyá ẹlòmíràn ì bá ti mọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ èyí tó yẹ fún mi.

Ọmọ yín tó ń retí ọ̀rọ̀ ẹnu yín,
Làmídì

*

Ọ̀yọ́
Ọjọ́ kẹta, oṣù karùn-ún, 1970

Làmídì,

Asiata ka ìwé rẹ ní ìsọ̀, gbogbo wa gbọ́ ọ. Ìyá rẹ ń kí ọ. Èmi ò tíì kí ọ, inú ń bí mi.

Ọmọ alágbẹ̀dẹ kì í lọ yá ọkọ́ lọ́wọ́ ará ọjà. Bàbá tó bí mi rán bàtà fún ẹlẹ́ṣin, bàbá tirẹ̀ náà rán an. Àwọn tó ń gẹṣin lọ́jọ́ ọdún nílùú yìí, iṣẹ́ ọwọ́ mi ló wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ìwọ wá dúró láàárín ọjà ilẹ̀ àjòjì, ò ń fọwọ́ pa rọ́bà! Ṣé o sọ fún wọn níbẹ̀ pé o ò ní bàbá ni?

Ti bàtà ṣọ́jà yẹn, bí mo bá gbọ́ pé o ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, má pè mí ní bàbá mọ́. Ẹni tó ni ín kò tà á fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni. Ta ló fẹ́ kí ọmọ òun máa fi bàtà òkú rìn?

Gbé ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì lé bébà, kí o fi pẹ́ńsùlù yí i ká, kí o fi í ránṣẹ́. Má ra nǹkan kan. Má wo nǹkan kan pàápàá.

Yẹ̀kínì, bàbá rẹ

Bọ̀ọ̀dá mi, èmi Asiata ni mo ń kọ ìyókù yìí. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́, ẹ má dá mi lẹ́bi. Bí wọ́n ṣe bínú tán ni wọ́n lọ ń yan awọ. Wọ́n ti ju mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní kò dára tó fún yín.

*

Rumuolumeni
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù karùn-ún, 1970

Bàbá mi,

Ẹ má bínú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti kọ lẹ́tà yìí, mo sì ti ya méjì. Mo kí yín, mo kí Ìyá. Bébà tí mo fi yí ẹsẹ̀ mi wà nínú rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Akínfẹ́nwá ní kí n sọ ohun tí bàtà náà gbọ́dọ̀ ní. Ó ní kó ga dé abẹ́ orúnkún, kó le ní ojúgun, kí iwájú rẹ̀ má ṣeé tẹ̀, kí ìdí rẹ̀ nípọn. Èyí tó tẹnu mọ́ jù ni ọrùn ẹsẹ̀. Ó ní kó le gan-an níbẹ̀, nínú àti lóde. Ó ní, “Bí o bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ tó wọlé, má gbé e wá síwájú mi.”

Kì í ṣe pé mo fẹ́ kọ́ yín níṣẹ́ o. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ohun tí wọ́n sọ ni mo sọ. Bí mo bá sì ti ṣì í gbọ́, ẹ̀bi mi ni.

Ọmọ yín,
Làmídì

*

Ọ̀yọ́
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹfà, 1970

Làmídì,

Wahab tó ń kó aṣọ láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ yín ló gbé bàtà náà dání. Kó tó dì í, gbogbo ìsọ̀ wò ó. Kò sẹ́ni tí kò fọwọ́ kàn án.

Mo gbọ́ gbogbo àṣẹ tí ará Oǹdó yẹn pa. Gíga, mo ṣe é. Ìdí tó nípọn, mo ṣe é. Ọrùn ẹsẹ̀ ni mo kọ̀ láti mú le, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ ni. Ẹni tó bá ń gun nǹkan, ọjọ́ ìṣubú ni kó rán bàtà dè. Bí ẹṣin bá ṣubú tí ẹsẹ̀ há sínú irin gàárì tí ẹlẹ́ṣin ń ti ẹsẹ̀ bọ̀, ẹṣin á dìde, á sì wọ́ ẹni náà lọ. Mo rí i nígbà tí mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni. Ẹṣin wọ́ ọ láti ojú ọjà dé odò, ohun tí wọ́n gbé wálé kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń wò. Látọjọ́ náà ni bàbá mi kò ti rán ọrùn bàtà tó le mọ́, èmi náà ò sì rán an rí. Kó rọ̀, kí ẹsẹ̀ lè yọ́ jáde bí ẹja.

Ṣé ará Oǹdó rí irú èyí rí? Ṣé wọ́n ń gẹṣin nínú igbó kòkó ni?

Wọ̀ ọ́. Má jiyàn.

Yẹ̀kínì, bàbá rẹ

*

Rumuolumeni
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù keje, 1970

Bàbá mi,

Mo kí yín. Orí ìdùbúlẹ̀ ni mo ti ń kọ ọ́, ẹ forí jì mí bí ìkọ̀wé mi bá wọ́.

Bàtà náà dé. Mi ò rí bàtà tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo gbé e lọ sí kíláàsì. Ọ̀gbẹ́ni Akínfẹ́nwá gbà á, ó yí i sọ́tùn-ún sósì, ó wá fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn rẹ̀. Àtàǹpàkò wọlé ṣín-ín. Ọmọ Rumuodara kan kígbe pé, “Lamidi, na Sallah you dey go?” bíi pé mo fẹ́ lọ gẹṣin ọdún. Gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín. Ọ̀gá bi mí pé, “Ta ló rán èyí?” Mo ní, “Bàbá mi ni, sà.”  Ó ní, “Iṣẹ́ tó dára púpọ̀ ni. Má wọ̀ ọ́.”

Ẹ̀yin ní kí n wọ̀ ọ́. Òun ní kí n má wọ̀ ọ́. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Mo dúró títí di Sátidé tí ọ̀gá kò sí nítòsí, mo wọ̀ ọ́, mo gun máṣíìnì lọ sọ́nà Rumuodara, nítorí mo fẹ́ kọ sí yín pé mo ti ṣe bí ẹ ṣe wí. Mo yọ̀ lórí gbòǹgbò. Máṣíìnì wó lé mi. Irin tí a ń gbẹ́sẹ̀ lé gún bàtà yín wọlé lókè kókósẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Bàbá, ẹsẹ̀ kankan ò yọ́ bí ẹja. Inú ẹrọ̀fọ̀ ni mo wà, mò ń kígbe, títí tí àwọn obìnrin tó ń ti oko bọ̀ fi gbé e kúrò lára mi.

Mo pàdánù ìdánwò oṣù keje. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kù, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án. Bí n kò bá yege nígbà náà, ó tán.

Mo sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fún yín kedere. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta! Ẹ ò gbọ́, torí pé ará Oǹdó ló sọ ọ́. Ẹ mọ awọ, Bàbá, ẹ ò mọ máṣíìnì, ẹ ò sì bi ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bàtà yín ló ṣe mí léṣe. Mo ti ra ti ṣọ́jà. Ẹni tó ni ín ti kú, ṣùgbọ́n ọrùn bàtà rẹ̀ le ju tiyín lọ.

Làmídì

*

Rumuolumeni
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹjọ, 1970

Bàbá mi,

Mi ò rí èsì. Wahab ní ara gbogbo yín le nígbà tí òun kọjá. Ẹsẹ̀ mi ti ń wálẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi, ẹ ṣáà sọ nǹkan kan.

Làmídì

*

Ọ̀yọ́
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹjọ, 1970

Bọ̀ọ̀dá Làmídì,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ pẹ̀lẹ́ ẹsẹ̀ o, Ọlọ́run á wò ó sàn. Mo ti kí yín tán, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi.

Ẹ ṣẹ̀ mí. Ẹ mọ̀ pé èmi ni mò ń ka ìwé yín. Ẹ sì mọ ibi tí mo ti ń kà á. Ìsọ̀ ni! Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, bí ìwé yín bá ti dé, Bàbá á ní kí gbogbo wọn gbé iṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n wá gbọ́ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ. Àwọn mẹ́jọ ló jókòó lọ́jọ́ yẹn. Bàbá ti ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀, wọ́n rò pé ẹ fẹ́ yin bàtà. Nígbà tí mo dé ibi àtàǹpàkò, mo rí ohun tó ń bọ̀ nísàlẹ̀, mo dákẹ́. Mo ní, “Bàbá, ojú ń dùn mí.” Wọ́n ní, “Kà á lọ. Má fo nǹkan kan.” Mo kà á. Mo ka “ẹ mọ awọ, ẹ ò mọ máṣíìnì”. Mo ka ti òkú ṣọ́jà náà.  Láàárín àwọn mẹ́jọ náà, Bàbá Adéyanjú ló ní, “Ọmọ ìwòyí!” tó sì fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ló ń rín.

Bàbá dìde, wọ́n ká ẹní awọ wọn, wọ́n wọlé. Wọn ò tíì fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ láti ọjọ́ náà. Wọ́n ní kí n má kọ̀wé sí yín. Mò ń kọ ọ́ ní bòókẹ́lẹ́.

Ẹ̀yin ni ẹ kàwé jù nílé wa. Ṣé ẹ ò lè kọ bébà kékeré kan sí èmi nìkan?

Asiata

*

Rumuolumeni
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹjọ, 1970

Asiata,

Mo gba ìwé rẹ, mo kà á títí mi ò lè jẹun. Mi ò ronú ìsọ̀. Mo búra, mi ò ronú rẹ̀. Ìrora àti ìbínú ló ń kọ̀wé náà. Ẹni tó bá fi bàbá rẹ̀ ṣẹ̀sín láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ni kí wọ́n pè é? Mo ti pe ara mi bẹ́ẹ̀, má tún un pè.

Ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo lè tọrọ àforíjì nítorí àwọn mẹ́jọ tó gbọ́ ọ. Mi ò lè tọrọ àforíjì pé irin gún mi. Ṣé kí n kọ̀wé pé kò gún mi ni? Bàbá á gbà á gbọ́, wọ́n á tún rán òmíràn bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíràn.

Búùtù ṣọ́jà náà kò gbà mí. Ọrùn rẹ̀ le lóòótọ́, àmọ́ ó kúrú, ojúgun mi wà níta gbangba. Tí mo bá sì ti wọ̀ ọ́, ẹni tó ni ín ni mò ń rò lórí máṣíìnì. Oṣù kan àti ọjọ́ díẹ̀ ló kù.

Wahab ń bọ̀ wálé. Mo ti fi bàtà ẹsẹ̀ òsì rán an, èyí tí irin lu. Mi ò fọ̀ ọ́. Gbé e fún Bàbá. Má ka nǹkan kan fún wọn. Gbé e lé wọn lọ́wọ́, kí o sì kúrò níbẹ̀.

Làmídì

*

Ọ̀yọ́
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹsàn-án, 1970

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ẹ kú ìfaradà. Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí.

Mo gbé e lé wọn lọ́wọ́ bí ẹ ṣe wí. Bàbá ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ìka wọn jáde lójú ihò náà. Wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ síbẹ̀.  Wọ́n gba ọ̀dọ̀ Tíṣà Adébíyìí lọ, wọ́n ní kó gbé alùpùpù rẹ̀ wá sí ìsọ̀, kíá. Tíṣà rò pé wọ́n fẹ́ rán ìjókòó rẹ̀ ni.

Bọ̀ọ̀dá, Bàbá wọ bàtà tó ya náà, wọ́n sùn sílẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Wọ́n ní, “Ẹ gbé e lé mi lẹ́sẹ̀.” Tíṣà ní, “Ẹ̀yin àgbàlagbà! Kí ni ẹ ní kí n sọ fún àwọn ará ilé yín?” Bàbá pariwo mọ́ ọn pé, “Mo ní kí o gbé e lé mi!” Tíṣà àti àwọn oníṣẹ́ rọra dà á dé wọn. Bàbá ní kí gbogbo ènìyàn sún sẹ́yìn. Wọ́n ń fa ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n fà á títí, kò yọ. Òógùn bò wọ́n. Bàbá Adéyanjú fẹ́ gbé e kúrò, wọ́n ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, àwọn àti onítọ̀hún ni.  Wọ́n ní, “Ẹṣin á dìde. Èyí ò ní í dìde.”

Ìgbà tí wọ́n gbé e kúrò ni ìbínú tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bú Tíṣà pé kò sọ fún àwọn pé irin wà níbẹ̀. Wọ́n bú Wahab. Wọ́n bú yín pé ẹ kọ lẹ́tà púpọ̀, ẹ ò ya àwòrán máṣíìnì kan ṣoṣo sí i. Ẹni tí wọn ò bú ni ará Oǹdó.

Mo ní kí n kọ̀wé pé wọ́n ń rán òmíràn bọ̀. Wọ́n ní rárá, ẹsẹ̀ tó ti wú kì í gbé inú bébà. Awọ màlúù ti wà nínú àpò. Lọ́jọ́ Jímọ̀ wọ́n ń bá Wahab bọ̀. Ìyá ti sunkún tán. Ẹ lọ wá ibi tí wọ́n máa sùn.

Asiata

*

Rumuolumeni
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹsàn-án, 1970

Asiata, àbúrò mi,

Bàbá wà lálàáfíà, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìyá. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi rìn dé ibí, ọkọ̀ ojú omi ló gbé wọn kọjá Odò Ọya ní Onitsha, ẹ̀yìn sì ń dùn wọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní, “Ẹsẹ̀ dà?” Mo nà án. Wọ́n di kókósẹ̀ mi mú, wọ́n ń fi ìka tẹ egungun lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ka ìlẹ̀kẹ̀. Mo retí kí wọ́n bú mi. Wọn ò bú mi, ìyẹn ló tún bí mi nínú jù. Mo gbàgbé gbogbo àforíjì tí mo ti kọ́ sórí.

Wọ́n ní kí n gbé bàtà ṣọ́jà náà wá. Mo rò pé wọ́n fẹ́ sun ún. Wọ́n fi ọ̀bẹ la ọ̀kan, wọ́n wo inú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ní, “Ẹni tó rán èyí mọṣẹ́.” Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, wọ́n sin méjèèjì, wọ́n ṣe àdúà sí i.

Ọ̀gbẹ́ni Akínfẹ́nwá wá kí wọn. Asiata, ìjà ni! Bàbá ní, “Ìwọ lo ní kí ọmọ mi má wọ bàtà mi?” Ó ní, “Èmi ni, Bàbá, ó sì wọ̀ ọ́.” Wọ́n jọ ń pariwo láti àárọ̀ di ọ̀sán lórí bí ó ti yẹ kí ojúgun le tó. Lọ́jọ́ kejì ó padà wá pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ fún ojúgun bàtà, èyí tó gé lára lọ́rì tó jóná, wọ́n tún jà lórí ìyẹn. Awọ màlúù ìpele mẹ́ta ni Bàbá rẹ sínú omi, wọ́n dì í mọ́ ẹsẹ̀ mi, wọ́n ní kí n jókòó sínú oòrùn títí yóò fi gbẹ. Oòrùn wo ní Port Harcourt? Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jókòó. Nígbà tó parí, ọ̀gá fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn rẹ̀, ó gbọn ọwọ́ nù. Bàbá wojú ọ̀run bí ẹni tí kò rí i.

Àná ni ìdánwò. Bàbá tẹ̀ lé wa dé ẹ̀yìn Rumuodara, kò sẹ́ni tó lè dá wọn dúró. Mo gùn ún dáadáa dé ibi ẹrọ̀fọ̀ kejì. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù bà mí, mo tẹ bíréèkì níbi tí kò yẹ, máṣíìnì yí dà lé mi. Ẹsẹ̀ òsì kan náà ni. Mo gbọ́ tí irin lu bàtà gbàà. Mo gbọ́ ohùn Bàbá pé, “Ọmọ mi! Ọmọ mi!” wọ́n ń sáré bọ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀. Ọ̀gá di apá wọn mú: “Ẹ fi í sílẹ̀, Bàbá. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ó ti kùnà.” Bàbá ní, “Ọmọ ta ni?” Ó ní, “Tiyín ni. Ẹ fi í sílẹ̀.”

Mo dúró kí ìrora dé. Kò dé. Ẹsẹ̀ mi wà nínú bàtà náà bí ìgbà tó wà nínú ilé. Mo ti máṣíìnì sókè, mo gbé e dìde, mo gùn ún parí.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n nu ẹrọ̀fọ̀ kúrò lára bàtà. Ojú ibi tí irin lù kò ju kí èékánná ha nǹkan lọ. Mo ní, “Bàbá, ẹ ṣé.”  Wọ́n yíjú sí Ọ̀gbẹ́ni Akínfẹ́nwá, wọ́n ní, “Kò sí ohun tó ṣe bàtà. Ta ló wá kọ́ ọmọ yìí ní gígùn tó burú báyìí?”

Bí a ṣe ń bọ̀ wálé, wọ́n sọ fún mi pé, “Bí o bá tún fẹ́ bú mi, wá bú mi níwájú mi.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Kò tíì tán nínú wọn, Asiata. Kò tíì tán nínú èmi náà.

Lónìí ni wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ògiri. Bàbá ní kí n mú àwọn lọ síbẹ̀, kí n fọwọ́ tọ́ka tèmi, kí n sì ka gbogbo rẹ̀ sókè. Mo kà á látòkè dé ìsàlẹ̀. Àwa mọ́kànlá la yege, èmi ni ìkọkànlá. Wọ́n ní, “Ìkẹyìn?” Mo ní, “Ìkẹyìn, Bàbá.” Inú bí wọn títí a fi délé.

Bá mi kí Ìyá. Bàbá á dé lọ́jọ́ Àlàmísì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ, ẹni tó kù nínú ilé ẹ̀kọ́,
Làmídì